Yíyà Fọ́tò Ẹbí ní Ìta Gbangba

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ pálọ̀ àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Yorùbá kí ó má rí fọ́tò lára ògiri. Bàbá ilé yóò wà níbẹ̀ nínú agbádá, tí ó jókòó, tí ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá ilé yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti ìborùn. Àwọn ọmọ tí ó ti gboyè ní yunifásítì yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin lórí. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí ẹnì kan nínú wọn, fọ́tò rẹ̀ ni wọn yóò gbé kalẹ̀ fún àwọn àlejò tí ó wá síbi ìsìnkú, òun náà ni wọn yóò tẹ̀ sí iwájú ìwé ètò ìsìn. Òun náà ni àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí yóò fi mọ ojú ẹni tí ó bí bàbá wọn. Nítorí náà, fọ́tò ẹbí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò kù láti sọ bí ènìyàn kan ti rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo irú ògiri bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí i pé àwọn ọmọdé inú fọ́tò kì í sábà jọ ọmọdé. Wọ́n dúró ṣanṣan bí òpó ilé. Wọ́n la ojú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ nu omijé kúrò lójú ni. Ajá tí ń bá wọn sáré káàkiri àgbàlá kò sí níbẹ̀. Àgbò tí wọ́n fún ní èèpo iṣu láràárọ̀ títí ọdún Iléyá fi dé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín wọn àti ìṣekúṣe wọn, tí í ṣe ayọ̀ ilé, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ yìí yóò sọ ohun tí ó fa èyí, yóò sì sọ ọ̀nà tí onífọ́tò lè gbà ya ẹbí ní ìta gbangba, kí àgbà lè jọ àgbà, kí ọmọdé jọ ọmọdé, kí ẹran ọ̀sìn náà sì rí àyè tirẹ̀.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo onífọ́tò àtijọ́ mọ̀ sórí: "Ẹ má mira!" Gbólóhùn yìí ní ìdí. Ní ọdún 1839 ni ará Faransé kan tí ń jẹ́ Louis Daguerre fi han gbogbo ayé bí ó ṣe ń gba àwòrán sórí awo bàbà tí a fi fàdákà bò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ iṣẹ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ní láti wọ inú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí àwòrán tó lè hàn. Bí ẹni tí wọ́n ń yà bá mi orí, ojú rẹ̀ yóò dàrú bí òjìji inú omi tí ń ṣàn. Nítorí èyí ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù fi ń gbé irin kan sí ẹ̀yìn orí ènìyàn, kí orí náà lè dúró sójú kan. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi N. W. Holm ti ní ilé iṣẹ́ fọ́tò tiwọn ní Èkó. Ẹ̀rọ ti yá díẹ̀ ní ìgbà tiwọn, ṣùgbọ́n àṣà dídúró ṣanṣan ti bá iṣẹ́ náà wá.

Owó náà tún dá kún un. Fíìmù fífẹ̀ tí àwọn onífọ́tò ń lò lẹ́yìn náà kò ju àwòrán méjìlá lọ nínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán onígun mẹ́rin dọ́gba-dọ́gba. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bá yí ojú padà ti fi ìkan nínú méjìlá ṣòfò. Ní ìlú Bàmákò, ní orílẹ̀-èdè Málì, Seydou Keïta ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ ní ọdún 1948. Àgbàlá ni ó ti ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, tí ó ta aṣọ olódòdó sí ẹ̀yìn àwọn oníbàárà. Nítorí ọ̀wọ́n fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń yà wọ́n. Kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó ti tún aṣọ ṣe, ó ti sọ bí wọn yóò ti gbé orí àti ọwọ́. Ó kú ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n lónìí àwọn ilé ọnà ńláńlá ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì gbó: onífọ́tò gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó pe ènìyàn síwájú ẹ̀rọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1978. Ó rí i pé àwọn àgbàlagbà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹni náà yóò wọ aṣọ tí ó dára jù lọ, yóò jókòó, yóò kọjú sí ẹ̀rọ gan-an, yóò na ẹ̀yìn, yóò fi ọwọ́ lé orúnkún, gbogbo ara rẹ̀ yóò sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ìjókòó yìí kì í ṣe àìmọ̀. Ó ń sọ ipò ẹni náà, ó sì ń sọ ìwà rẹ̀: pé ó ní àpọ́nlé, pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pé kò fi ohunkóhun pamọ́.

Nínú ìwádìí náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì ti jáde. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní ayé àtijọ́, wọn a gbẹ́ ère fún un. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí lo fọ́tò dípò ère. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó wà láàyè, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ tí ó kù yóò wọ aṣọ tirẹ̀, wọn yóò yà á; lẹ́yìn náà yóò wọ irú aṣọ tí èkejì ìbá wọ̀, wọn yóò tún yà á. Ọgbọ́n àti àánú ni iṣẹ́ onífọ́tò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ojú tí ìyá náà ń wò nínú fọ́tò kì í ṣe ojú ọmọ tí ó lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gún ni lára nìyẹn: ìgbà tí ẹbí pé ni àsìkò fọ́tò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ń sunkún, tí ajá ń gbó, tí ilé kò sì mọ́ tó bí ìyá ilé ti fẹ́.

Àdúgbò Ṣàngó ní Ìbàdàn dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ìṣòro onífọ́tò ìta tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Mọ́kọ́lá wá, tí ó ń lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, gba Ṣàngó kọjá. Ibẹ̀ náà ni èrò ti ń yà sí ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé àti Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Ọjà wà níbẹ̀, ariwo ọkọ̀ kì í dá, ilé sì fún mọ́ra. Kí a wí pé ìdílé kan níbẹ̀ fẹ́ ya fọ́tò: ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́rin tí àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ajá kan àti ewúrẹ́ kan. Àwọn kan lè ní kí wọ́n lọ sí Ọgbà Àgọ́dì, nítorí igi àti koríko tútù tí ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá wọ ọkọ̀ dé ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún méjì ti sùn lọ. Ajá kò sì ní gbádùn ibi tí kò mọ̀ rí. Àgbàlá ilé ni ó sàn jù fún wọn. Ibẹ̀ ni ara ti tu olúkúlùkù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ yóò fẹ́ rántí nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú àgbàlá ni láti wo ẹ̀yìn. Ojú ènìyàn a máa mójú kúrò lára ohun tí kò fẹ́ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ya okùn aṣọ, yóò ya táǹkì omi, yóò ya jẹnẹrétọ̀, yóò sì ya òpó iná tí yóò dà bí ẹni pé orí bàbá ni ó ti hù jáde. Onífọ́tò yóò kó èyí tí ó ṣe é kó. Fún èyí tí kò ṣe é kó, ìṣísẹ̀ méjì sí ọ̀tún tàbí sí òsì sábà máa ń tó láti mú òpó kúrò lẹ́yìn orí. Kò yẹ kí ó palẹ̀ àgbàlá mọ́ títí tí ilé kò fi ní jọ ilé mọ́. Odó ìyá àgbà lè wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn àtijọ́ lè wà níbẹ̀; wọ́n wà lára ìtàn ìdílé.

Iṣẹ́ kejì ni ìmọ́lẹ̀, òun sì ni olórí iṣẹ́. Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Dígírì méje àti díẹ̀ péré ni ó fi wà ní àríwá rẹ̀. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gan-an máa ń wà ní ọ̀gangan àtàrí. Nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, iwájú orí àti imú yóò máa dán, ihò ojú yóò ṣókùnkùn bí ihò àpáta, òjìji gèlè yóò sì bo ìdajì ojú ìyá ilé. Àwọn ọmọ yóò fún ojú pọ̀. Wákàtí tí ó dára ni àárọ̀ láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án, àti ìrọ̀lẹ́ láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ títí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀. Ní ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì ń wọ inú ojú. Ìkùukùu ìgbà òjò àti ìkúùkù ọyẹ́ náà máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn rọ̀, nítorí pé wọ́n ń tú u ká kí ó tó dé ara ènìyàn.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n yà á ní ọ̀sán, etí ibòji ni kí wọ́n dúró sí: kí ara wà nínú ibòji ògiri, kí ojú sì kọ sí ibi tí òfuurufú ti ṣí sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ igi kò dára tó bí àwọn ènìyàn ti rò, àfi bí ewé rẹ̀ bá dí gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn yóò gba àárín ewé wọlé, ojú gbogbo ẹbí yóò sì rí tótòtó bí awọ ẹkùn. Ọgbọ́n kékeré kan wà tí kò ní owó nínú. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kan sí ilẹ̀ níwájú àwọn tí ó jókòó, níbi tí kò ní hàn nínú àwòrán. Aṣọ náà yóò ta ìmọ́lẹ̀ sókè sí abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ gèlè, òjìji tí ó wà níbẹ̀ yóò sì fúyẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó kan aláwọ̀ dúdú gidigidi. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn àti aṣọ. Ó ń ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ẹbí bá wọ léèsì funfun, tí wọ́n sì dúró níwájú ògiri funfun, ẹ̀rọ yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò dín in kù. Ojú àwọn ènìyàn yóò sì dúdú bí èédú tí a kò mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Àwọn tí ó ṣe fíìmù pàápàá kò kọ́kọ́ ro ti aláwọ̀ dúdú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àwọn ọdún 1950, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ mèremère, kí wọ́n lè fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí rẹ̀. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Kò tó di àwọn ọdún 1990 kí ènìyàn oríṣiríṣi àwọ̀ tó wà lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Onífọ́tò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ènìyàn, kò ní wọ̀n ọ́n láti ara aṣọ. Ẹni tí ó ń lo fóònù yóò fi ìka kan ojú ẹni náà lórí dígí fóònù, yóò sì fi kún ìmọ́lẹ̀ náà títí ojú yóò fi hàn kedere. Ògiri aláwọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀kùn igi tàbí ewé tútù sàn ju ògiri funfun lọ lẹ́yìn aláwọ̀ dúdú tí ó wọ aṣọ funfun. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú kò bá hàn, ọ̀rọ̀ ti tán nínú fọ́tò náà.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan títò. Àgbà ni ó ń kọ́kọ́ jókòó. Ìyá àgbà yóò wà ní àárín lórí àga tí ó ní ẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ńlá yóò dúró sẹ́yìn, àwọn kékeré yóò sì jókòó lórí ẹní níwájú. Bí gèlè tàbí aṣọ àgbà bá wọ́, onífọ́tò kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí i láìgba àṣẹ. Yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ ba, yóò wí pé, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, gèlè yín ń bo ojú yín díẹ̀. Ṣé kí ìyàwó bá yín gbé e sókè?" Bí Màmá bá dáhùn pé, "Ó dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi mí pẹ́ o, ẹ̀yìn ń dùn mí," kí onífọ́tò ka ọ̀rọ̀ náà sí àṣẹ. Kí ó ti fi ẹlòmíràn sórí àga náà tẹ́lẹ̀, kí ó ti wo ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀yìn, kí ó tó di pé ó pe ìyá àgbà jáde nínú ilé. Ìjókòó àpọ́nlé tí àwọn ará Ìlá fẹ́ràn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà, nítorí pé ẹ̀tọ́ àgbà ni. Lẹ́yìn ìgbà tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún fọ́tò kejì, èyí tí kò sí ẹni tí ó tò ó.

Fọ́tò kejì yìí ni ti àwọn ọmọdé. Kí wọ́n tó wá, kí wọ́n ti jẹun, kí wọ́n sì ti sùn. Ebi àti oorun ni ó ń ba fọ́tò ọmọdé jẹ́ ju ìwà wọn lọ. Onífọ́tò yóò lóṣòó títí ojú ẹ̀rọ yóò fi bá ojú ọmọ dọ́gba. Bí ó bá dúró ní ìdúró tirẹ̀, tí ó yà wọ́n láti òkè, orí wọn yóò tóbi, ẹsẹ̀ wọn yóò sì kúrú bí ti àràrá. Kò ní pariwo "Ẹ má mira!" mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ òde òní lè gba àwòrán láàárín ìdá kan nínú 250 tàbí ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá, ọmọ tí ń sáré pàápàá yóò sì hàn kedere. Kò ní fi abẹ́rẹ́ tàbí ọlọ́pàá dẹ́rù ba ọmọ tí ń sunkún; yóò dúró kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Dípò kí ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, yóò fún wọn ní iṣẹ́. "Ẹ bá mi ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Màmá, mélòó ni?" "Sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn létí tí èmi kò ní gbọ́." Ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ìyá àgbà létí ti gbàgbé ẹ̀rọ, ẹ̀rín tí ọ̀rọ̀ náà yóò fà lójú ìyá àgbà kò sì sí onífọ́tò tí ó lè fi owó rà á. Àsìkò náà kò gùn. Nítorí náà, ìka onífọ́tò gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ, kí ó sì yà á léraléra, nítorí pé nínú ogún fọ́tò, ẹyọ kan tí ó dára ti tó.

Ní ti ẹran ọ̀sìn, kí onífọ́tò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ onílé, nítorí pé àwọn ìdílé kan wà tí kì í jẹ́ kí ajá sún mọ́ aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè, ajá ni kí ó wọlé kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jókòó tán. Kí ó ti sáré rẹ, kí ó ti mu omi, kí wọ́n sì ti jẹ́ kí ó gbóòórùn ẹ̀rọ àti onífọ́tò tẹ́lẹ̀, kí ó má baà máa gbó. Ẹni tí ajá mọ̀ jù ni yóò dì í mú. Kì í ṣe ọmọ kékeré, nítorí pé ajá tí ìbẹ̀rù bá mú lè gé ọmọ jẹ. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ yóò gbọ́ ìfé kékeré kan láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Yóò na etí sókè, yóò wo iwájú, àkókò náà sì nìyẹn. Ìfé náà kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kò ní wò mọ́. Èèpo iṣu ni ó ń dá ewúrẹ́ dúró, àgbàdo ni ó ń kó adìyẹ jọ síbi kan. Ológbò kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Itan ẹni tí ó fẹ́ràn ni kí wọ́n jẹ́ kí ó sùn sí. Ajá dúdú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ènìyàn dúdú ti ń fẹ́ ẹ. Kí wọ́n má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun. Ní ti àgbò Iléyá, ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó ń lò pẹ̀lú àwọn ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò rí i mọ́ lẹ́yìn ọdún. Bí wọn yóò bá yà á, kí wọ́n yà á nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń fún un ní koríko.

Nígbà tí fọ́tò bá ti dára tán, iṣẹ́ ku ìkan: ìpamọ́. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní ọdún 1930, ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn láti ọdún 1954. Láti ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé ó tọ́jú àwọn fíìmù rẹ̀, irun tí wọ́n ti tú láti ìgbà pípẹ́ ṣì wà níwájú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ojeikere fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2014. Ìdílé tí kò tọ́jú tirẹ̀ lè pàdánù gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì ya wọ ilé púpọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìkún-omi mìíràn tún ba ìlú náà jẹ́. Àga tí omi gbé lọ ṣe é rà. Fọ́tò tí omi gbé lọ kò ṣe é yà mọ́ bí ẹni inú rẹ̀ bá ti kú. Fóònù náà sì lè bọ́ sómi tàbí kí olè gbé e. Nítorí náà, kí ìdílé tẹ fọ́tò tí ó dára jù sórí ìwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ilé méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, láti ọ̀tún sí òsì. Kí wọ́n kọ orúkọ ajá náà pẹ̀lú. Yorùbá a máa fi òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ ajá lórúkọ, orúkọ bẹ́ẹ̀ sì lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn bàbá ilé ní ọdún náà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a dúró dè, àga tí a ti gbé kalẹ̀ ṣáájú, ọmọ tí a kò lù, ajá tí a kò fi okùn fún lọ́rùn: sùúrù ni gbogbo wọn. Onífọ́tò tí ó ní sùúrù kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó má mira. Yóò jẹ́ kí ẹbí máa gbé ilé wọn bí wọ́n ti ń gbé e, yóò sì mú ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá níbẹ̀ fún àwọn tí wọn kò ní bá wọn láyé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí méjì tí àwọn onífọ́tò àtijọ́ fi ń sọ pé "Ẹ má mira"? Kí ló dé tí kò fi pọn dandan mọ́?
2. Ṣàlàyé ohun tí àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ń ṣe nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Kí ni ìyá ọmọ náà kò lè rí nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀?
3. Nítorí kí ni oòrùn ọ̀sán kò fi dára fún yíyà ojú ènìyàn ní Ìbàdàn?
4. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí aláwọ̀ dúdú bá wọ léèsì funfun tí ó sì dúró níwájú ògiri funfun? Sọ ọ̀nà méjì tí onífọ́tò lè gbà tún un ṣe.
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ọ̀gangan àtàrí, tótòtó, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.
6. Kọ àròkọ kan lórí fọ́tò tí ó pẹ́ jù lọ nínú ilé yín: àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á, àti ohun tí àwọn àgbà ilé sọ nípa rẹ̀.